Èènì Ẹni Tó Lọ Sọ́jà

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi nírọ̀lẹ́, tí ẹ ń bi mí pé iṣẹ́ wo ni kí ẹ kọ́, ẹ ti yọ mí lẹ́nu tó. Ọ̀kan ní òun fẹ́ kọ́ kọ̀ǹpútà. Èkejì ní òun fẹ́ máa ta aṣọ lórí fóònù. Ẹ̀kẹta kò tiẹ̀ mọ ohun tó fẹ́, ó kàn ń jẹ ẹ̀pà mi ni. Èmi o, ìsọ̀ ni mo fi gbogbo ayé mi ṣí. Iyọ̀, kẹrosíìnì, ìṣáná, ọṣẹ, sàdíìnì, àwọn nǹkan tí ẹ máa ń rán ọmọ lọ rà láìronú, òun ni mo fi tọ́ ọmọ, òun ni mo fi kọ́ ilé tí ẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ yìí. Ìyá Eléènì ni wọ́n ń pè mí ní Òdìgbó, àwọn tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ sì rò pé ọ̀làwọ́ ni mí. Ọ̀làwọ́ kọ́. Ẹ̀rù ló kọ́kọ́ kọ́ mi, kó tó wá di ìfẹ́. Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe jẹ́, kí ẹ tó lọ yan iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ yàn.

Oko kòkó ni bàbá mi ń ro ní Omifúnfún. Nígbà tí mo jáde ìwé mẹ́fà, wọ́n mú mi lọ sí Ọ̀rẹ̀, sọ́dọ̀ obìnrin kan tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Oníyọ̀, kí n lọ kọ́ òwò. Àgbà méjì bá ara wọn sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ parí, mo gbé ẹrù mi wọlé. Ìyá Oníyọ̀ kì í ṣe ọmọ Ìkálẹ̀ bíi tiwa. Ọkọ wọn ló wá dáko lágbègbè wa, ọ̀kan lára àwọn àjòjì tó máa ń gba ilẹ̀ kòkó ṣe. Ọkọ kú, ìyàwó ò sì padà sílé. Yorùbá òkè lọ́hùn-ún ni wọ́n ń sọ. Tí mo bá gbàgbé, tí mo sọ Ìkálẹ̀ sí wọn, wọ́n á ní, "Ṣé èmi lò ń bá wí ni, àbí ẹja inú odò yín?" Èmi náà á rẹ́rìn-ín sínú, torí tiwọn ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó mọ ìlú wọn ní pàtó, kò sì sẹ́ni tó mọ orúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n. Ọ̀rẹ̀ ni oríta tí mọ́tò Èkó, ti Bìní àti ti Oǹdó ti ń pàdé. Níbẹ̀, èèyàn kì í bi ara wọn nírú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ẹ gbọ́ o, Ìyá Oníyọ̀ le! Wọn kì í ṣe òǹrorò, ṣùgbọ́n wọ́n le bí ìkòkò irin. Tí mo bá wọn kẹrosíìnì, mo gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí n tó fọwọ́ kan iyọ̀. Bí òórùn kẹrosíìnì bá wà lára iyọ̀ pẹ́rẹ́n, iyọ̀ náà di tèmi nìyẹn, òun ni mo máa fi sebẹ̀ títí tó fi máa tán. Mo jẹ ọbẹ̀ kẹrosíìnì rí, ẹ má rẹ́rìn-ín. Àrọ tí a fi ń rọ epo sínú ìgò, ibi tí wọ́n bá gbé e kọ́ náà ni n óò gbé e kọ́ padà. Agolo tí a fi ń wọn iyọ̀, wọ́n máa ń yí i po wò láràárọ̀, wọ́n á ki ìka bọ inú rẹ̀ wò bóyá ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti tẹ̀ wọnú. Àwọn kan wà ní gáréèjì nígbà yẹn tó máa ń fi òòlù lu ìdí agolo wọn kí ọjà má bàa pọ̀ nínú rẹ̀. Ìyá Oníyọ̀ kì í kí wọn.

Ṣùgbọ́n èyí tó le jù ni èènì. Ẹ má sọ pé ẹ ò mọ èènì: ohun tí ọlọ́jà máa ń fi sí i lẹ́yìn tó bá ti wọn ọjà tán, tí kò gbowó rẹ̀. Ní ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀, mo wọn iyọ̀ fún ìyá kan, mo wá bu díẹ̀ lé e. Nígbà tó lọ, Ìyá Oníyọ̀ bi mí pé, "Ta lo fún ní ìyẹn?"

Mo ní, "Oníbàárà ni, mà."

"Irọ́ lò ń pa. Oníbàárà ti gba tirẹ̀ nínú agolo. Ẹni tó tẹ̀ lé e wá ló ni èènì."

Mo wo ẹnu ọ̀nà. Oòrùn nìkan ló wà níbẹ̀. "Mà, òun nìkan ló wá."

"Kò sẹ́ni tó ń dá wá sọ́jà," ni wọ́n wí. Wọn ò wo ojú mi, wọ́n kàn ń nu agolo. Ara mi bù máṣọ, mi ò lè purọ́. Látọjọ́ náà, tí mo bá ti bu èènì, mo máa ń yọjú wo ẹ̀yìn oníbàárà lẹ́ẹ̀kan.

Wọ́n sì tún máa ń dán mi wò. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní àwọn ń lọ kí ẹnìkan tó ń ṣàìsàn. Kò pẹ́, ìyá arúgbó kan wọlé, gèlè bo ojú rẹ̀, ohùn rẹ̀ há, ó ní kí n bu gààrí fún òun. Mo bù ú, mo wọ̀n ọ́n géérégé, mo nà án sí i. Ó ṣí gèlè. Ta ni ì bá tún jẹ́ bí kò ṣe Ìyá Oníyọ̀? "Èènì mi dà?" Mo kúnlẹ̀, mo nawọ́ sókè títí ẹsẹ̀ mi fi kú, wọ́n sì ń tajà lọ lórí mi bí ẹni pé mi ò sí níbẹ̀. Ẹ ò ní bá àṣìṣe yẹn lọ́wọ́ mi mọ́ láéláé.

Nǹkan míì wà lára wọn tí mo kàn ń wò ni. Àpótí ìjókòó méjì ló máa ń wà lẹ́yìn tábìlì wọn. Orí ọ̀kan ni wọ́n ń jókòó, kò sì gbọdọ̀ sẹ́ni tó jókòó sórí èkejì, kódà bó ṣe olóyún. Tí wọ́n bá ń jẹun, wọ́n á pín ẹran sí méjì, wọ́n á jẹ ọ̀kan, wọ́n á wo èkejì pẹ́, kí wọ́n tó wá jẹ ẹ́. Mo ní ti ọkọ wọn tó kú ni. Mo fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ níbẹ̀.

Àsìkò yẹn ni owó epo rọ̀bì bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ̀lú. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ni, àwọn tíṣà àti òṣìṣẹ́ ìjọba ń dé láti ibi gbogbo, olúkúlùkù ń ra rédíò, ó ń ra fáànù, kódà ẹni tí kò níná nílé ń ra fáànù. Ọkùnrin kan wá kọ́ súpàmákẹ́ẹ̀tì sí ọ̀kánkán wa, òdìkejì títì. Jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ máa ń dún láti òwúrọ̀, iná funfun ń tàn nínú ìsọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní Ọ̀gá Oníná. Ohun gbogbo ló wà nínú páálí àti nínú agolo tí wọ́n ti dí láti òkè òkun. Kò sí wíwọ̀n, kò sí ìdúnàádúrà, kò sí èènì. Atẹ́gùn tútù ló ń fẹ́ sí èèyàn lára níbẹ̀. N ò ní parọ́, èmi náà lọ wò ó. Mo dúró sábẹ́ fáànù rẹ̀ pẹ́. Nígbà tí mo padà dé, Ìyá Oníyọ̀ ò bínú, wọ́n kàn bi mí pé, "Ẹni tó ta nǹkan fún ẹ, ṣé ó wo ojú rẹ?" Mo ronú sí i, mi ò lè rántí ojú kankan.

Ẹ wá fara balẹ̀ gbọ́ ibi tí mò ń lọ.

Ìgbà ìkórè kòkó ni, iṣu tuntun ti pọ̀ lọ́jà títí àwọn èèyàn fi gbàgbé pé ó jẹ́ tuntun rí. Ìyá Oníyọ̀ wọ mọ́tò lọ sí Òkìtìpupa sọ́dọ̀ ẹni tó ń kó iyọ̀ fún wa. Èmi nìkan ló kù ní ìsọ̀. Ní ọ̀sán gangan, títì dákẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ọ̀rẹ̀, ẹ mọ̀ pé títì ibẹ̀ kì í dákẹ́. Kò sí mọ́tò Èkó, kò sí ti Bìní. Jẹnẹrétọ̀ òdìkejì pàápàá kú fúnra rẹ̀. Mo gbé ojú sókè, Ìyá Oníyọ̀ sì ti dúró níwájú tábìlì.

Mo ní, "Ẹ káàbọ̀, mà." Wọn ò dá mi lóhùn. Wọn ò bo ojú lọ́tẹ̀ yìí. Àdìrẹ kan tí n kò rí lára wọn rí ni wọ́n wọ̀, ẹyẹ ni wọ́n fi ṣe ọnà sí i lára. Mo ní sínú ara mi pé, áà, ìdánwò tún dé, wọ́n tún ti mú ọgbọ́n tuntun wá. Wọ́n nawọ́ sí iyọ̀. Mo bù ú, mo wọ̀n ọ́n, mo dì í sínú ìwé. Wọ́n gbà á, ṣùgbọ́n wọn ò lọ. Wọ́n ṣí àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀, wọ́n ń wò mí. Àmì dúdú kékeré kan wà lẹ́rẹ̀kẹ́ Ìyá Oníyọ̀ lápá ọ̀tún. Lójú mi lọ́jọ́ yẹn, ó dà bí ẹni pé apá òsì ló wà. Mo ní bóyá oòrùn ló ń ṣe ojú mi. Mo wo ilẹ̀, mo rí ẹsẹ̀ wọn. Eruku pupa Ọ̀rẹ̀ kì í fi ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn mọ́ tónítóní.

Mo yára bu èènì. Mo bù ú kún ọwọ́, mo dà á sí àtẹ́lẹwọ́ tí wọ́n ṣí sílẹ̀ náà. Ọwọ́ yẹn tutù. Wọ́n wá rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín tí Ìyá Oníyọ̀ ò rín sí mi rí láti ìgbà tí mo ti dé ilé wọn. Mo yíjú láti gbé agolo kọ́. Nígbà tí mo padà wò, ẹnu ọ̀nà ti ṣófo, jẹnẹrétọ̀ sì ń dún.

Ìrọ̀lẹ́ ni Ìyá Oníyọ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò Òkìtìpupa, eruku bò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀, aṣọ tí wọ́n wọ̀ jáde láàárọ̀ náà ló wà lọ́rùn wọn. Mo ń retí kí wọ́n yìn mí. Wọn ò yìn mí o, wọ́n ní kí n wá gbé iyọ̀. Mo ní sínú pé obìnrin yìí mà ń ṣahun ìyìn o, mo sì lọ gbé iyọ̀. Inú bí mi díẹ̀, mo tilẹ̀ sùn láìjẹun.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni wàhálà dé. Mọ́tò kan tó ń lọ sí Bìní dúró, ọ̀kan nínú èrò rẹ̀ sì wá ra sàdíìnì lọ́dọ̀ wa. Ọkùnrin àgbàlagbà kan ni, ó ṣe jẹ́jẹ́. Ìyá Oníyọ̀ na sàdíìnì sí i. Ó gbójú sókè. Sàdíìnì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Yéè!" ló ké. "Ẹ gbà mí o! Mo bá wọn sin obìnrin yìí ní Ẹdẹ! Mo dúró létí sàréè rẹ̀!"

Ó sá. Ó sá dé gáréèjì, ó ń pariwo bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ náà sì gba Ọ̀rẹ̀ kan kí mọ́tò rẹ̀ tó gbéra. Àkúdàáyà! Ẹ ti gbọ́ irú rẹ̀: ẹni tó kú ní ìlú rẹ̀, tó lọ ń gbé ìlú míì bí alààyè, tó ń tajà, tó ń jẹun, títí ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò fi rí i. Wọ́n ní tí wọ́n bá ti dá a mọ̀, yóò pòórá. Àwọn èèyàn wá ń dúró lódìkejì títì kí Ìyá Oníyọ̀ pòórá. Wọn ò pòórá. Ẹnìkan ní kò tíì tó àsìkò ni. Òmíràn ní ẹ wo òjìji rẹ̀ dáadáa. Mo rí àwọn ìyá tó ti ń ra iyọ̀ lọ́wọ́ wa láti ọdún pípẹ́ tí wọ́n ń fa ọmọ wọn lọ́wọ́, tí wọ́n ń gba ẹ̀yìn kúrò níwájú ìsọ̀. Ọ̀gá Oníná ní tirẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń sọ ọ́ ketekete pé, "Ẹ wọlé, ẹ wọlé, ọjà alààyè ló wà níbí. Ta ló fẹ́ fi iyọ̀ òkú sebẹ̀?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì wọlé. Ní ọjọ́ díẹ̀, kò sẹ́ni tó yà sọ́dọ̀ wa mọ́. Onílé ránṣẹ́ pé kí Ìyá Oníyọ̀ kó ẹrù wọn kúrò. Obìnrin tí kò fi agolo rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ rí, ìsọ̀ tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu kan ló fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dùn mí dọ́kàn. Ẹ̀rù sì tún ń bà mí, n ò ní tàn yín. Mo máa ń wo òjìji wọn tí wọn ò bá wò mí. Mo máa ń rántí ẹsẹ̀ tó mọ́ yẹn.

Ìyá Oníyọ̀ ò bá ẹnikẹ́ni jà. Láti ìgbà tí ọkùnrin yẹn ti pariwo, wọ́n kàn jókòó sórí àpótí wọn, wọ́n ń wo àpótí kejì. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "Kí ni ọkùnrin yẹn wí? Sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́."

"Ó ní ní Ẹdẹ, mà. Ó ní àwọn sin yín."

"Ẹdẹ," ni wọ́n wí.

Bàbá mi gbọ́ ọ ní Omifúnfún, wọ́n wá. "Gbé ẹrù rẹ, ká máa lọ," ni wọ́n wí látìta, wọn ò fẹ́ wọlé. Ìyá Oníyọ̀ ní, "Máa bá bàbá rẹ lọ, ọmọ mi." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n pè mí ní ọmọ àwọn. Mo ń di ẹrù, omi ń bọ́ lójú mi, àwọn èrò ìran sì ti kún ìta, nígbà tí mọ́tò kan dúró. Ọkùnrin tó sá lọ yẹn ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, ó nàka sí wa. Bàbá arúgbó kan bọ́ sílẹ̀ tẹ̀ lé e, ó gbé ọ̀pá dání. Ó rìn bọ̀ wá tààrà, ó dúró níwájú tábìlì, ó wo Ìyá Oníyọ̀ títí.

"Táyé," ni baba náà wí.

Ìyá Oníyọ̀ di tábìlì mú. "Ẹ̀gbọ́n mi."

Ìgbà náà ni a tó mọ̀. Ìbejì ni Ìyá Oníyọ̀. Nígbà tí Táyé tẹ̀ lé àgbẹ̀ tí ilé wọn ò fẹ́, bàbá wọn ní kí ẹnikẹ́ni má wá a lọ, kí ẹnikẹ́ni má sì dárúkọ rẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin tó wá ra sàdíìnì yìí délé, tó ń sọ òkú tí òun rí ní Ọ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n wọn ló mọ̀ pé òkú kọ́, Táyé ni. Ó wọ mọ́tò lọ́jọ́ kejì. Bàbá mi mí kanlẹ̀. Àwọn èrò ìran náà mí kanlẹ̀, àwọn kan ń rẹ́rìn-ín ìtìjú.

Ìyá Oníyọ̀ nìkan ni kò mí. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, Kẹ́hìndé ńkọ́?"

Baba náà wo ilẹ̀. "Kẹ́hìndé lọ sọ́jà," ló wí.

Èmi òmùgọ̀, mo dá sí i. "Ọjà wo ni, sà?" Bàbá mi gbá mi lẹ́nu fẹ́ẹ́. Mi ò mọ̀ ni. Ní ilé wọn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ ọ́ níwájú ìbejì tó kù pé èkejì rẹ̀ kú. Ó lọ sọ́jà ni wọ́n máa ń wí. Ìyá Oníyọ̀ sì mọ̀ ọ́n. Ojú wọn gbẹ, wọ́n kàn ń mi orí jẹ́jẹ́.

"Ìgbà wo ló lọ?"

"Kí iṣu tuntun tó jáde. Kẹ́hìndé ṣàìsàn pẹ́. Oúnjẹ kan ò dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́, ó ní iyọ̀ ò sí nínú rẹ̀. Gbogbo ọbẹ̀ tí a bá sè, ó ní iyọ̀ ò sí nínú rẹ̀. Ó ní òun ń lọ bá Táyé kó fún òun ní iyọ̀."

Mo fi ẹrù tí mò ń dì sílẹ̀. Kí iṣu tuntun tó jáde. Ìgbà kòkó sì ni ọ̀sán tí títì dákẹ́ yẹn, iṣu ti kún ọjà.

Mo ní, "Wọ́n wá."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo sọ ọ́. Mo sọ bí títì ṣe dákẹ́, mo sọ ti ẹsẹ̀ tó mọ́, mo sọ ti àmì dúdú tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì. Ẹ̀gbọ́n wọn béèrè aṣọ tó wọ̀. Mo ní àdìrẹ ni, ẹyẹ ló wà lára rẹ̀. Baba náà ṣí fìlà, ó fi í sí àyà. Ó ní, "Òun la fi sin ín." Ọkùnrin tó sá lọ yẹn jókòó sílẹ̀ nínú eruku. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín ìtìjú mọ́.

Ìyá Oníyọ̀ dìde, wọ́n wá síwájú mi, wọ́n di èjìká mi mú. Mi ò rí wọn bẹ́ẹ̀ rí. Wọn ò béèrè bóyá mò ń purọ́. Wọn ò béèrè ohun tí Kẹ́hìndé wí. Nǹkan kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ mọ̀.

"Ṣé o fún un ní èènì?"

"Mo fún un, mà. Mo bù ú kún ọwọ́."

Wọ́n bú sẹ́kún. Wọ́n sunkún bí ọmọdé, wọ́n gbá mi mọ́ra, òórùn iyọ̀ àti ọṣẹ ń bẹ lára wọn, ara wọn sì gbóná. Ará ayé ni wọ́n, ẹni bíi tèmi. Bàbá mi wọlé, wọ́n gbé ẹrù mi padà sí yàrá. Mi ò lọ mọ́.

Ẹ ó bi mí bóyá oníbàárà padà. Àwọn kan padà lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n ń ra ohun tí wọn ò nílò. Àwọn kan ò padà mọ́ láéláé. Fáànù ti mọ́ wọn lára. Ọjọ́ ń lọ, owó epo bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, ọjà òkè òkun ò wọlé dáadáa mọ́, iyọ̀ wá di góòlù. Gbogbo wa mọ̀ pé iyọ̀ wà nínú súpàmákẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gá Oníná ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ó ń dúró kó wọ́n sí i. Ìyá Oníyọ̀ mú àpò kan ṣoṣo tó kù, wọ́n gbé agolo tó kéré jù, wọ́n ní kí olúkúlùkù gba ẹyọ kan. Àwọn tó fa ọmọ wọn lọ́wọ́ sá wà lórí ìlà yẹn. Mo ní, "Mà, ẹni yìí ló pè yín ní òkú o." Wọ́n ní, "Wọ̀n ọ́n. Má gbàgbé èènì." Mo fi ìka mẹ́ta mú èènì lọ́jọ́ yẹn, torí kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lọ láìgbà á. Obìnrin kan gba tirẹ̀, ó dúró síbẹ̀, ó ń sunkún.

Ọ̀gá Oníná kó lọ níjọ́ kan láìdágbére. Koríko hù nínú ìsọ̀ rẹ̀. Àwọn kan ń sọ pé tí èèyàn bá kọjá níbẹ̀ lọ́sàn-án, á gbọ́ jẹnẹrétọ̀. Èmi ò gbọ́ ọ rí, mi ò sì dúró gbọ́.

Mo kọ́ òwò tán, mo gbòmìnira, mo wá ṣí ìsọ̀ tèmi ní Òdìgbó yìí. Agolo lọ, òṣùwọ̀n oníkílò dé. Náílọ́ọ̀nù dé, iyọ̀ wá ń wá ní dídì láti ilé iṣẹ́. Níbo lẹ fẹ́ fi èènì sí lára ohun tí wọ́n ti dì? Ó dà mí láàmú pẹ́. Mo wá ń fi ata gbígbẹ kan sí i, tàbí ẹ̀pà díẹ̀, tàbí kí n béèrè bí ara ọmọ ṣe rí. Ọlọ́kadà dé, wọ́n ń ra nǹkan láìsọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀rọ ìsanwó dé, èyí tí àwọn ọmọ mi fipá mú mi kọ́. Ní báyìí, ẹ ń tẹ fóònù, ẹni tí ẹ ò rí ń gbé ọjà wá láti ibi tí ẹ ò mọ̀. Mo rò ó wò, ìyẹn gan-an ló yẹ kó máa bà yín lẹ́rù ju Ìyá Oníyọ̀ lọ.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò ní kí ẹ má wọ ìsọ̀ ńlá. Ibẹ̀ ni mo ti ra fíríìsà mi, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ìsọ̀ kékeré kì í sọ èèyàn di olóòótọ́. Mo ti sọ fún yín nípa àwọn tó ń lu ìdí agolo. Ohun tí mò ń wí ni pé kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè. Ta ló tà á? Tí nǹkan bá wọ́n gógó lọ́la, ṣé yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ yín ni, àbí yóò gbé agolo kékeré? Tí wọ́n bá sì ní aládùúgbò yín tó ń ṣí ìsọ̀ ti di nǹkan mìíràn, ẹ wo ẹni tó ń jèrè ọ̀rọ̀ náà kí ẹ tó sá. Ibi tí owó yín bá lọ, ibẹ̀ náà ni agbára yín lọ. Ojú mi ló rí i.

Ìyá Oníyọ̀ dàgbà, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn wá mú wọn lọ sí Ẹdẹ. Wọ́n mú àpótí méjèèjì lọ. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Màmá ti lọ sọ́jà." Mi ò béèrè ọjà wo. Mo ti ilẹ̀kùn ìsọ̀, mo sunkún tó bí mo ṣe fẹ́. Lẹ́yìn náà mo ṣí i padà, torí ó ti ń di ọ̀sán, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ilẹ̀kùn ní títì.

Mo dúró dè wọ́n. Ọdún púpọ̀ ni mo fi dúró, lọ́sàn-án gangan, nígbà tí títì bá dákẹ́. Ní báyìí orúnkún mi ò gbà mọ́, mo ti fa ìsọ̀ lé Ṣadé lọ́wọ́, ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi gbẹ̀yìn. Ẹ mọ̀ ọ́n, òun ló ń ta ẹ̀pà tí ẹ ń jẹ yìí fún mi. Lọ́jọ́ tí mo fún un ní kọ́kọ́rọ́, mo ní, "Tí obìnrin méjì bá wọlé, tí ojú wọn jẹ́ ọ̀kan náà, má bi wọ́n níbi tí wọ́n ti ń bọ̀. Fún wọn ní iyọ̀. Má gbowó. Èènì méjì ni kí o bù, má fi ẹyọ kan tàn wọ́n."

Ọmọ òde òní, ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó wo ojú mi, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Mà, tí wọn ò bá wá ńkọ́?"

Mo ní, "Fún ẹni tó bá wá."